Obìnrin Lẹ́yìn Eré Olórin: Valentina Serova ti Rọ́ṣíà àti Abíọ́dún Dúró Ládípọ̀ ti Òṣogbo

Ìfáárà

Iṣẹ́ púpọ̀ ni àwọn onímọ̀ ti ṣe lórí eré onítàgé Yorùbá. Wọ́n ti kọ nípa Hubert Ògúndé, Kọ́lá Ògúnmọ́lá àti Dúró Ládípọ̀, wọ́n sì ti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé inú ṣọ́ọ̀ṣì ni eré olórin òde òní ti gbérí. Ohun tí wọn kò fi bẹ́ẹ̀ tú wò ni ipa àwọn obìnrin tí ohùn wọn gbé eré wọ̀nyí ró. Iṣẹ́ yìí gbé obìnrin Yorùbá kan àti obìnrin Rọ́ṣíà kan sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, nítorí pé opó olórin ni àwọn méjèèjì, iṣẹ́ tí ọkọ wọn fi sílẹ̀ ni wọ́n sì gbà ṣe. Èrò tí a gbé kalẹ̀ níhìn-ín ni pé orúkọ obìnrin kì í sọnù nínú ìtàn nítorí pé kò ṣiṣẹ́. Ọ̀nà tí a ń gbà ṣe àkọsílẹ̀ ni ó ń bò ó mọ́lẹ̀.

Valentina Serova àti Uriel Acosta

Ọdún 1846 ni a bí Valentina Serova ní Moscow, sínú ìdílé Júù tí ń ṣòwò. Ó wọ ilé ẹ̀kọ́ gíga fún orin ní St. Petersburg, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ó fi kúrò níbẹ̀, tí ó sì ń kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ Alexander Serov, gbajúmọ̀ olórin àti alárìíwísí. Wọ́n ṣe ìgbéyàwó ní 1863. Ní 1865 ni wọ́n bí Valentin, ọmọkùnrin wọn, tí ó di ayàwòrán ńlá. Nígbà tí Serov kú ní 1871, eré olórin rẹ̀ tí ó pè ní Agbára Ọ̀tá kò tíì parí. Opó rẹ̀ àti Nikolai Solovyov ni wọ́n parí rẹ̀ tí ó fi dé orí ìtàgé lọ́dún náà gan-an.

Eré tirẹ̀, Uriel Acosta, jáde ní gbọ̀ngàn Bolshoi ní Moscow ní 1885. Láti inú eré tí Karl Gutzkow, ọmọ Jámánì, kọ ni ó ti mú ìtàn náà. Júù onírònú ni Uriel, ní Amsterdam ní sẹ́ńtúrì kẹtàdínlógún. Àwọn àgbà ìjọ yọ ọ́ lẹ́gbẹ́ nítorí pé ó ń gbé ìbéèrè dìde sí ẹ̀kọ́ ìsìn wọn, wọ́n sì fi ipá mú un láti sọ ní gbangba pé òun ti ṣìnà. Serova wà lára àwọn obìnrin àkọ́kọ́ ní Rọ́ṣíà tí irú iṣẹ́ wọn dé irú ìtàgé bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn èyí, nígbà ìyàn ọdún 1891 sí 1892, ó lọ sí ìgbèríko Simbirsk láti ṣètò oúnjẹ fún àwọn àgbẹ̀, ó sì kọ́ wọn ní orin inú eré olórin. Ó kú ní 1924. Síbẹ̀, bí a bá dárúkọ rẹ̀ lónìí, ohun tí a sábà máa ń kọ́kọ́ sọ ni pé aya Serov ni, tàbí pé ìyá ayàwòrán ni.

Obìnrin lórí ìtàgé Yorùbá

Ní ilẹ̀ Yorùbá, oṣù kẹfà ọdún 1944 ni Ògúndé gbé eré rẹ̀ nípa ọgbà Édẹ́nì àti ìtẹ́ Ọlọ́run jáde ní gbọ̀ngàn Glover ní Èkó, láti fi wá owó ìkọ́lé fún ìjọ Aládùúrà. Níwọ̀n ìgbà tí eré wà lábẹ́ àṣẹ ìjọ, kò sí àbùkù nínú kí ọmọbìnrin kọrin. Ṣùgbọ́n nígbà tí eré di iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́, ọ̀rọ̀ yí padà. Ojú alágbe ni ọ̀pọ̀ òbí fi ń wo òṣèré. Ìtàn sọ pé nígbà tí Ògúndé polówó pé òun ń wá obìnrin òṣèré, kò rí wọn. Ìgbà tí ó polówó pé akọ̀wé obìnrin ni òun ń wá ni wọ́n tó dé. Nínú Tiger's Empire, tí ó jáde ní 1946, ni àwọn obìnrin ti kọ́kọ́ hàn gẹ́gẹ́ bí òṣèré tí ń gba owó iṣẹ́ wọn.

Ọ̀nà tí Ògúndé gbà pa ẹnu ayé mọ́ ni pé ó fẹ́ púpọ̀ nínú wọn. Clementina Oguntimirin, tí a mọ̀ sí Adéṣẹwà, jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú wọn títí ìjàm̀bá ọkọ̀ fi pa á ní 1970. Ìgbéyàwó yìí dáàbò bo orúkọ rere wọn, ṣùgbọ́n ó ní ohun tí ó gbà lọ́wọ́ wọn. Iṣẹ́ ìyàwó nínú ilé, iṣẹ́ baálé ni à ń pè é.

Abíọ́dún àti Ọba Kò So

Ní 1961, awuyewuye ṣẹlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì All Saints, Òṣogbo, nítorí pé Dúró Ládípọ̀ mú ìlù ìbílẹ̀ wọ inú orin Àjíǹde. Ó wá ibòmíràn lọ. Ẹgbẹ́ Mbari ní Ìbàdàn gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, ní oṣù kẹta 1962 ni a sì ṣí Mbari Mbayo ní Òṣogbo. Ibẹ̀ ni Ọba Kò So ti jáde ní 1963. Ní 1964 ó dé Berlin. Ní 1965 ó dé Britain fún àjọ̀dún iṣẹ́ ọnà.

Ìtàn Ṣàngó, Tìmì àti Gbọ̀ọ́nkáà ni eré náà, ṣùgbọ́n kò lè dúró láìsí Ọya. Abíọ́dún, ìyàwó Dúró Ládípọ̀, ni ó sọ Ọya di ẹni tí ojú rí tí etí sì gbọ́. Nígbà tí Dúró Ládípọ̀ kú ní 1978, òun ni ó gba ẹgbẹ́ náà sọ́wọ́ tí kò jẹ́ kí ó tú ká. Níhìn-ín ni òun àti Serova ti pàdé: opó tí kò jẹ́ kí iṣẹ́ ọkọ rẹ̀ kú.

Ta ni ó ni ohùn?

Ìyàtọ̀ kan wà tí kò yẹ kí a fojú fò. Serova kọ orin sórí ìwé, ìwé náà sì lè jẹ́rìí sí i. Ní ti Yorùbá, ẹnu ni ìwé. Iṣẹ́ tí Karin Barber ṣe ní Òkukù, tí ó tẹ̀ jáde ní 1991, fi hàn pé àwọn obìnrin ni ọ̀gá nínú oríkì níbẹ̀. Ẹni tí ń ké oríkì kì í kàn ń ka àkọ́sórí: ó ń yàn, ó ń tò, ó ń hun ún pọ̀ bí ó ti ń ké e lọ. Èyí já mọ́ nǹkan nínú ọ̀rọ̀ Ọba Kò So, nítorí pé orí téèpù ni a ti da eré náà kọ kí ó tó di ìwé tí Yunifásítì Ìbàdàn tẹ̀ jáde ní 1972. Ohun tí ó jáde lẹ́nu àwọn òṣèré ni ó di ìwé. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ń wá a nínú kátálọ́ọ̀gì, orúkọ Dúró Ládípọ̀ ni yóò fi wá a. Èyí tọ́, nítorí òun ni ó ro eré náà, tí ó tò ó, tí ó sì kó àwọn òṣèré jọ. Àìtọ́ ibẹ̀ ni kí olùkọ́ rò pé orúkọ kan ṣoṣo tí ó wà níwájú ìwé ni gbogbo ẹni tí ó ṣẹ̀dá ohun tí ó wà nínú rẹ̀.

Àṣà pẹ̀lú dá sí i. Ìyá Lágbájá ni a ń pe obìnrin tí ó ti bímọ, ọ̀wọ̀ sì ni. Nínú agbo ilé, ọ̀wọ̀ náà pé. Nínú àkọsílẹ̀ ìtàn, ó lè di ìbòjú.

Ìgúnlẹ̀

Ọ̀rọ̀ yìí kan olùkọ́ tí ń kọ́ni ní Ṣáṣá, Mọ́níyà tàbí Lálúpọn bí ó ti kan onímọ̀ ní yunifásítì. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá gba ẹkún ìyàwó tàbí oríkì orílẹ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ìyá àgbà kan, kí ó má ṣe kọ "orin ìbílẹ̀" lásán sí i. Kí ó kọ orúkọ tí wọ́n sọ ìyá náà, bí ó bá gbà á láyè, abúlé rẹ̀, ọjọ́ tí ó ké e, àti ẹni tí ó ti kọ́ ọ. Ìlà mẹ́rin péré ni. Àìsí irú ìlà mẹ́rin bẹ́ẹ̀ ni ó fi jẹ́ pé ohùn ọ̀pọ̀ obìnrin ṣì ń dún nínú eré wa, tí a kò sì lè sọ ohùn ta ni.