Ìjánu Ọkọ̀: Láti Wẹ́ẹ̀jì Onígi Dé Kálípà Pupa

Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, àwọn ọmọ wa ń wá sí ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ń béèrè kálípà pupa, irú èyí tí wọ́n rí nínú fóònù. Àwa tí à ń ta sípéà pátì nílùú yìí láti ìgbà tí irun orí wa ṣì dúdú rò ó pé ó yẹ ká kọ́kọ́ sọ ìtàn fún wọn. Ẹni tí kò mọ ibi tí nǹkan ti bẹ̀rẹ̀, báwo ló ṣe fẹ́ mọ èyí tó yẹ kó rà?

Reluwé ló gbé ọ̀pọ̀ nínú àwọn bàbá wa dé ibí. Ní 1907 ni ìjọba òyìnbó bẹ̀rẹ̀ ojú irin láti Baro lọ sí Kano. Nígbà tó di 1911, irin tó ti Èkó bọ̀, tó gba Jẹ́bà kọjá, wá pàdé rẹ̀ ní Minna níbí. Ará Ọ̀fà, ará Ògbómọ̀ṣọ́, ará Ìbàdàn, wọ́n tẹ̀lé irin náà wá. Òmíràn ń ṣiṣẹ́ reluwé, òmíràn ń tajà. Lẹ́yìn reluwé ni mọ́tò wá gba ọjà mọ́ ọn lọ́wọ́.

Lọ́rí Bedford onígi, tí à ń pè ní bọ̀lẹ̀kájà, dúrọ́ọ̀mù ni ìjánu rẹ̀ níwájú lẹ́yìn. Inú dúrọ́ọ̀mù náà ni irin méjì wà bí òṣùpá ìdajì, tí a lẹ láínì mọ́. Bàtà ni òyìnbó pàápàá ń pè wọ́n. Bí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì, bàtà méjèèjì á ṣí, wọ́n á máa ha inú dúrọ́ọ̀mù títí ọkọ̀ á fi dúró. Ṣùgbọ́n bó bá ti gbóná jù, dúrọ́ọ̀mù á fẹ̀ sí i, láínì á máa yọ̀, ẹsẹ̀ awakọ̀ á wọlẹ̀ lásán. Ẹ̀yin àgbà á rántí bọ́ì mọ́tò tó máa ń dì mọ́ ẹ̀yìn lọ́rí pẹ̀lú wẹ́ẹ̀jì onígi lọ́wọ́. Bí ọkọ̀ bá ń fà sẹ́yìn lórí òkè, á fò sílẹ̀, á sọ igi náà sábẹ́ táyà. Wẹ́ẹ̀jì yẹn ni ìgbẹ̀yìn ìjánu.

Láínì yẹn náà ní ìtàn. Ní 1897, ọ̀gbẹ́ni Herbert Frood ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe láínì ìjánu fún kẹ̀kẹ́ ẹrù tí ẹṣin ń fà. Wọ́n ní ó rí i tí àwọn àgbẹ̀ ń kan bàtà ogbó mọ́ igi ìjánu kẹ̀kẹ́ wọn ló fi ronú kàn án. Orúkọ rẹ̀ ló tún tò tó di Ferodo, tó ṣì wà lára páálí páàdì títí dòní. Ní 1902, Louis Renault gbé ìjánu onídúrọ́ọ̀mù jáde ní ilẹ̀ Faransé. Ọdún kan náà ni Frederick Lanchester gba ìwé àṣẹ fún ìjánu onídísìkì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ti Lanchester kò tètè gbilẹ̀. Irin ń ha irin, ariwo rẹ̀ pọ̀, kò sì pẹ́ kó tó jẹ. Ìgbà tí ọkọ̀ Jaguar onídísìkì gba ipò kìíní nínú eré ìje Le Mans ní 1953 ni gbogbo ayé tó gbà pé dísìkì ló lè fara da ooru, nítorí pé ìta gbangba ló wà, atẹ́gùn ń fẹ́ sí i.

Ní ilẹ̀ wa, ọdún 1975 ni nǹkan yí padà. Ní oṣù kẹta ọdún náà, ilé iṣẹ́ Peugeot bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní Kàdúná, ti Volkswagen náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í to Ìjàpá ní Èkó. Nígbà tó di oṣù kejì 1976, wọ́n dá ìpínlẹ̀ Niger sílẹ̀, Minna di olú ìlú. Àwọn ọ̀gá ìjọba dé, Peugeot 504 kún ìgboro. Dísìkì ni 504 ní níwájú. Èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ gùn, tí wọ́n fi ń kó èrò, dúrọ́ọ̀mù ló lò lẹ́yìn. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀gá tó kọ́ wa níṣẹ́ ti kọ́kọ́ mọ ohun tó ń jẹ́ páàdì àti kálípà.

Nígbà tí àwa ń kọ́ṣẹ́ ní ìparí àwọn ọdún 1980, SAP ti dé, náírà ti já, ọkọ̀ tuntun ti di ti olówó. Tòkunbọ̀ ló kù fún wa, àti sípéà tí à ń pè ní Bẹ́ljíọ̀mù. Àwọn ọ̀gá wa máa ń ṣí dúrọ́ọ̀mù, wọ́n á fi ẹnu fẹ́ eruku rẹ̀ dànù, àwa ọmọṣẹ́ á dúró síbẹ̀, a ó máa fà á símú. A kò mọ̀ pé asbestos ló wà nínú eruku yẹn, ohun tó ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, tó sì ń fa jẹjẹrẹ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fòfin de gbogbo rẹ̀ ní 1999. Ẹ̀yin mẹkáníìkì, ẹ má fẹ́ eruku ìjánu mọ́. Ẹ fi omi rin ín, kí ẹ fi àkísà nù ún.

Wàyí o, ẹ jẹ́ ká sọ èyí tó dùn wá. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, a ta páàdì kan fún awakọ̀ kan tó ń ná ọ̀nà Bida. Páálí rẹ̀ dà bí ojúlówó. Kò tó oṣù kan tó gbé e padà wá. Ohun tó yẹ kó máa ha dísìkì ti ṣí kúrò lára irin ẹ̀yìn rẹ̀ pátápátá. Èèyàn méje ló wà nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ náà. Igbó ni wọ́n yà sí, orí kó wọn yọ. Awakọ̀ yẹn kò bú wa. Ó kàn gbé páàdì sórí tábìlì, ó jókòó, kò sọ̀rọ̀. A dá owó rẹ̀ padà, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà kọjá owó. Páálí 11 ló kù nínú ọjà náà. Àwọn kan nínú wa ní ká tà á tán, pé kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló máa burú. A jiyàn títí ilẹ̀ fi ṣú. Lọ́jọ́ kejì, a fi òòlù fọ́ gbogbo rẹ̀. Láti ìgbà yẹn la ti ń yẹ ọjà wò kí a tó tà á.

Ohun tí à ń wò nìyí. Lẹ́yìn páàdì tó dára, ẹ ó rí lẹ́tà méjì tí wọ́n tẹ̀ sí i, bíi EE, FF tàbí GG. Lẹ́tà kìíní ń sọ bó ṣe ń di dísìkì mú nígbà tí kò tíì gbóná púpọ̀, èkejì ń sọ ti ìgbà tó bá gbóná gan-an. E wà láàárín 0.25 sí 0.35, F láàárín 0.35 sí 0.45, G ju bẹ́ẹ̀ lọ. FF tó fún ọkọ̀ ìgboro. Páàdì sẹ̀rámíìkì kì í pariwo, eruku rẹ̀ kò pọ̀; ó dára fún ọkọ̀ ilé. Èyí tó ní irin nínú ń fara da ooru ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó bá ọkọ̀ tó ń kó ẹrù mu, ṣùgbọ́n ó máa ń jẹ dísìkì. Bí páàdì bá ti ku mìlímítà 3, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, tọ̀tún tòsì lẹ́ẹ̀kan náà.

Ó wá ku kálípà pupa. Kálípà tó wà lára ọ̀pọ̀ Camry àti Corolla wa, písítínì kan ló ní, ó sì ń rìn lórí pín-ìn-nì méjì. Èyí tí àwọn ọmọ ń wá, irú ti Brembo tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ítálì ní 1961, ó lè ní písítínì mẹ́rin. Ó dára lóòótọ́. Àmọ́ ẹ gbọ́: bí ẹ bá tẹ bíréèkì tí táyà yín sì há pátápátá, tàbí tí ABS bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n lẹ́sẹ̀ yín, agbára ìjánu yín ti ju ti táyà lọ nìyẹn. Kálípà ńlá kò ní mú ọkọ̀ tètè dúró lẹ́ẹ̀kan yẹn. Ooru ló wà fún, fún ẹni tó ń tẹ bíréèkì léraléra lórí eré. Bí písítínì bá tóbi ju bó ṣe yẹ lọ, ọ́ìlì tí mástà ń tì kò ní tó o, ẹsẹ̀ á máa wọlẹ̀. Iwájú á máa fà ju ẹ̀yìn lọ. Ríìmù 15 lè má gbà á rárá. Òmíràn tí wọ́n sì ń tà, ike lásán ni, wọ́n kàn fi bo kálípà àtijọ́.

Nítorí náà, kí ẹ tó náwó sí i, ẹ wo táyà. Ẹ wo dísìkì àti họ́ọ̀sì. Ẹ fi gíríìsì tó yẹ sí pín-ìn-nì kálípà, nítorí ọ̀pọ̀ kálípà tí wọ́n ní ó ti kú, pín-ìn-nì ló há. Ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì bíréèkì lọ́dún méjì-méjì. DOT 3 tuntun kì í hó títí dé 205°C, DOT 4 títí dé 230°C, àmọ́ bí omi bá ti wọ̀ ọ́, wọ́n lè hó ní 140 àti 155. Ẹ má bu òróró ẹ̀pà tàbí ọ́ìlì ẹ́ńjìnì sí i láéláé, rọ́bà inú rẹ̀ á wú. Lẹ́yìn gbogbo èyí, bí owó bá ṣẹ́kù tí ọkọ̀ yín sì nílò kálípà ńlá, ẹ wá, a ó jọ wọn ríìmù yín.

Àwọn bàbá wa fi wẹ́ẹ̀jì onígi dé ibi tí wọ́n ń lọ, nítorí pé wọ́n mọ ibi tí agbára ọkọ̀ wọn mọ. Kí àwa náà mọ ti wa. A kò ní rìn lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà o. Àṣẹ.