Láti Orí Owó Orí dé Orí Oúnjẹ Ọmọ: Ìtàn Ìṣirò Owó Ìtọ́jú Ọmọ ní Ilẹ̀ Yorùbá

Ìfáárà
Bí tọkọtaya bá kọ ara wọn sílẹ̀, ìbéèrè kan kì í tán nílẹ̀: èló ni baba yóò máa san lórí ọmọ? Ìtàn fi hàn pé owó orí ìyá ni kóòtù kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n ṣírò, kì í ṣe oúnjẹ ọmọ.

Owó Orí Ìyàwó
Ní àṣà Yorùbá, baba ni ó ni ọmọ. Bí aya bá kọ ọkọ, ọmọ tí a ti já lẹ́nu ọmú a padà sí agboolé baba rẹ̀, a sì máa jẹun níbẹ̀. Kò sí ohun tí a ń ṣírò lórí rẹ̀. Nígbà tí ìjọba amúnisìn dá kóòtù ìbílẹ̀ sílẹ̀, owó orí tí aya tàbí ọkọ rẹ̀ tuntun yóò dá padà ni wọ́n ń kà ní pọ́n-ún àti ṣílè. Bí ọmọ bá wá kù sọ́dọ̀ ìyá, owó orí a padà sọ́wọ́ ọkọ, owó ilé ẹ̀kọ́ a sì wà lọ́rùn ìyá.

Òfin Tuntun
Òfin ọ̀ràn ìgbéyàwó ti 1970 pàṣẹ kí adájọ́ wo ohun ìní àwọn òbí, agbára wọn láti pa owó, àti ìwà wọn, kí ó tó dá iye owó ìtọ́jú. Ṣùgbọ́n kò kan ìgbéyàwó ìbílẹ̀ tàbí ti Mùsùlùmí. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọ ti 2003, tí Èkó sọ di tirẹ̀ ní 2007, kò ya ọmọ kan sọ́tọ̀: ó fún ọmọ gbogbo ní ẹ̀tọ́ sí ìtọ́jú, ní ìwọ̀n agbára àwọn òbí rẹ̀.

Kò sí iye kan pàtó nínú òfin méjèèjì. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí Nàìjíríà ti jogún ètò kóòtù, ti bẹ̀rẹ̀ sí í lo ìlànà ìṣirò láti 1993. Lábẹ́ ètò tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2012, pọ́n-ún 12 nínú 100 ni ìpele gbogboogbò fún ọmọ kan, 16 fún ọmọ méjì.

Àgbálọgbábọ̀
Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Òfin gbà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni yóò wọn eku? Òṣìṣẹ́ ìjọba ní ìwé owó oṣù. Awakọ̀ àti oníṣòwò kò ní. Láyé owó orí, alárinà àti mọ̀lẹ́bí ni ẹlẹ́rìí iye tí a san. Owó tí baba ń pa lónìí kò ní ẹlẹ́rìí, ìyá tí ọmọ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni yóò sì wá ẹ̀rí kiri.