Àmì Ẹ̀yẹ fún Ẹni Tó Bá Àtọ̀gbẹ Gbé Tó sì Ń Gbé E Pẹ́

Tí a bá gbọ́ àmì ẹ̀yẹ, ẹni tó sáré jù tàbí ẹni tó mọ bọ́ọ̀lù gbá ni ọkàn wa máa ń lọ bá. Lónìí, ìtàn àmì ẹ̀yẹ tí wọ́n ń fún ènìyàn nítorí pé ó wà láàyè ni a fẹ́ sọ. Àwọn alátọ̀gbẹ ló ni ín. Àtọ̀gbẹ yìí náà ni àwọn kan ń pè ní ìtọ̀ ṣúgà, tí àwọn tó kàwé Faransé ń pè ní diabète.

Kí ọdún 1921 tó dé, ọmọ tí irú àtọ̀gbẹ tó ń mú ọmọdé bá mú kì í pẹ́ láyé. Ara irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ínsúlíìnì mọ́, ohun tí ara fi ń lo ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀. Oúnjẹ ọmọ náà ni àwọn dókítà máa ń dín kù gidigidi. Ebi ni wọ́n fi ń ra ọjọ́ fún un. Ní 1921, ní Toronto ní ilẹ̀ Kánádà, Frederick Banting àti Charles Best rí ọ̀nà láti fa ínsúlíìnì jáde lára ẹran. Ní oṣù kìíní ọdún 1922, wọ́n fún Leonard Thompson, ọmọ ọdún 14, ní abẹ́rẹ́ rẹ̀, ó sì yè. Ní 1923, Banting àti John Macleod gba ẹ̀bùn Nobel. Banting pín owó tirẹ̀ pẹ̀lú Best, Macleod pín tirẹ̀ pẹ̀lú James Collip. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti mọ̀ pé àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Dókítà kan wà ní Boston ní Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ Elliott Joslin. Ó máa ń fi ìtọ́jú àtọ̀gbẹ wé kẹ̀kẹ́ tí ẹṣin mẹ́ta ń fà: oúnjẹ, ínsúlíìnì àti eré ìdárayá. Aláìsàn fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ di ìjánu mú, nítorí náà ó ń kọ́ wọn, ó sì ń rán àwọn nọ́ọ̀sì lọ bá wọn nílé. Ní àwọn ọdún 1940, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn tó ti bá àrùn náà gbé fún ọdún 25 ní àmì ẹ̀yẹ. Ó kú ní 1962, ṣùgbọ́n láti 1970 ni ilé ìtọ́jú rẹ̀ ti ń fún àwọn tó pé 50 ọdún ní tiwọn.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Robin Lawrence jẹ́ dókítà, ó sì jẹ́ alátọ̀gbẹ. Ó ti lọ sí Florence ní Ítálì láti dúró de ikú. Ní 1923, wọ́n ránṣẹ́ pè é pé ínsúlíìnì ti dé. Ó wa ọkọ̀ padà sí Lọ́ńdọ̀nù, ó sì tún lo ọdún 45 láyé. Ní 1934, òun àti òǹkọ̀wé H. G. Wells, tí òun náà ní àtọ̀gbẹ, dá ẹgbẹ́ àwọn alátọ̀gbẹ sílẹ̀. Títí di òní, orúkọ Lawrence ló wà lára àmì ẹ̀yẹ tí ẹgbẹ́ náà ń fún ẹni tó pé 60 ọdún pẹ̀lú àrùn yìí.

Àwọn eléré ìdárayá náà ní tiwọn. Ní 1997, wọ́n rí àtọ̀gbẹ lára Steve Redgrave, atukọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó ti gba wúrà Òlímpíìkì mẹ́rin. Ó gba ìkarùn-ún ní Sydney ní 2000. Ọdún 1999 ni wọ́n rí i lára Gary Hall, òmùwẹ̀ ará Amẹ́ríkà. Ní Sydney, òun àti Anthony Ervin jọ fọwọ́ kan ògiri lẹ́ẹ̀kan náà ní 50 mítà, àwọn méjèèjì sì gba wúrà. Ní Athens ní 2004, Hall nìkan ló gbà á.

Àmì ẹ̀yẹ Joslin tún bí ìmọ̀. Nígbà tí àwọn onímọ̀ yẹ àwọn tó pé 50 ọdún wò, wọ́n rí i pé ara ọ̀pọ̀ wọn ṣì ń ṣe ínsúlíìnì díẹ̀, ohun tí ẹnikẹ́ni kò retí. Ká ní wọ́n fi ara pamọ́ ni, ta ni ì bá mọ̀?

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti kàn wá. Ní àdúgbò wa, ọ̀pọ̀ ló ń fi àtọ̀gbẹ pamọ́ bí ẹni fi ẹ̀ṣẹ̀ pamọ́. Wọ́n ní àfiṣe ni, wọ́n sì gba abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ ọmọ kí wọ́n lè fi àgbo rọ́pò rẹ̀. Ọmọ tí ara rẹ̀ kò ṣe ínsúlíìnì kò gbọ́dọ̀ pa abẹ́rẹ́ tì rárá. Àìsàn là ń wò, a kì í wo ikú.

Ọjọ́ 14 oṣù kọkànlá, ọjọ́ ìbí Banting, ni ọjọ́ àtọ̀gbẹ lágbàáyé. Ẹ jẹ́ kí a pe alátọ̀gbẹ síwájú lọ́jọ́ náà, ní ilé ìwé, ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní mọ́sálásí. Kí a sì pe ẹni tó ń dúró tì í pẹ̀lú: ìyá tó ń jí lóru wo ọmọ, aya tó ń wọn oúnjẹ ọkọ, ọ̀rẹ́ tó ń bá a ra oògùn. Aṣọ kan tàbí ìwé ìyìn kékeré tó. Kí gbogbo ìlú sáà rí i pé a bọ̀wọ̀ fún wọn.