Kọ̀ǹpútà Àfọwọ́tò fún Géèmù àti Fídíò

Kọ̀ǹpútà àfọwọ́tò ni kọ̀ǹpútà orí tábìlì tí ẹni tó ni ín ra ẹ̀yà ara rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, tó sì tò wọ́n pọ̀ fúnra rẹ̀. Àwọn tó fẹ́ràn géèmù àti àwọn tí ń gé fídíò ìgbéyàwó, ìwúyè, òkú àgbà àti fíìmù ló ń ṣe é jù. Iṣẹ́ fíìmù kì í kúkú ṣe àjèjì nílẹ̀ Ìgbómìnà. Ọmọ Àgbàmú ni Adéyẹmí Afọláyan, Adé Love, tó gbé fíìmù Ìjà Òmìnira àti Kádàrá jáde. Ọmọ rẹ̀, Kúnlé Afọláyan, ló sì darí Aníkúlápó lọ́dún 2022. Láyé Adé Love, òkè òkun ni wọ́n ti máa ń fọ fíìmù. Lónìí, tábìlì kan nínú yàrá kan ní Ṣàrẹ́, ìlú Ìgbómìnà tó jẹ́ olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn ní ìpínlẹ̀ Kwara, tó láti gé fíìmù láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bí àwọn ẹ̀yà kọ̀ǹpútà tó wà lórí rẹ̀ bá bára mu.

Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ́ni ní títo kọ̀ǹpútà, orí processor, ọpọlọ kọ̀ǹpútà, ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀. Ní Ṣàrẹ́, orí iná ló yẹ kó ti bẹ̀rẹ̀. 230V ló yẹ kó máa wọlé, ṣùgbọ́n iná lè wálẹ̀ débi pé fáànù kò ní lè yí dáadáa, kó sì tún ga lójijì. Nítorí náà, power supply, àpótí irin kékeré tó ń pín iná fún gbogbo ẹ̀yà yòókù, kọ́ ni ibi tí èèyàn ti ń ṣọ́wó ná. Kó jẹ́ èyí tó lè gba iná láti 100V dé 240V, kó ní àmì 80 Plus, kó sì jẹ́ ojúlówó 550W tàbí 650W. Àwọn kan wà lọ́jà tí wọ́n kọ 600W sí lára, tí wọ́n sì fúyẹ́ bíi páálí òfìfo. Bí irú wọn bá jó, wọ́n lè mú motherboard, pátákó tí gbogbo ẹ̀yà so mọ́, dání lọ.

Bí iná bá lọ ńkọ́? UPS, àpótí bátìrì tó ń gbé kọ̀ǹpútà dúró bí iná bá lọ, tó jẹ́ 650VA kì í sábà gbé ju bíi 390W lọ, fún ìṣẹ́jú díẹ̀ péré, kí èèyàn fi rí àyè tọ́jú iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ẹni tó ń lo ínfátà ní láti ṣírò. Bátìrì olómi kan tó jẹ́ 12V, 200Ah, 2,400Wh ló wà nínú rẹ̀, kò sì dáa kéèyàn fà á ju ìdajì lọ bí kò bá fẹ́ kó tètè kú. Kọ̀ǹpútà tó ń jẹ 300W yóò lo 1,200Wh yẹn tán láàárín wákàtí mẹ́rin, tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀, nítorí ínfátà náà ń jẹ nínú rẹ̀. Ibí yìí ni yíyan graphics card, káàdì tó ń gbé àwòrán jáde sójú kọ̀ǹpútà, ti di ọ̀rọ̀ iná. RTX 3060 tó jáde ní 2021 lè jẹ tó 170W. RTX 4060 ti 2023 kò ju 115W lọ. Fún ẹni tó ń fi ínfátà tàbí sólà ṣiṣẹ́, èkejì ló dára jù lójú tèmi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé 8GB ló ní, tí 3060 tó wọ́pọ̀ sì ní 12GB.

Géèmù àti fídíò kì í fa ẹ̀yà kan náà. Graphics card ni géèmù ń gbára lé. Géèmù bọ́ọ̀lù tí gbogbo wa mọ̀ sí FIFA, tó di EA Sports FC lọ́dún 2023, kò béèrè ju GTX 1660 lọ kó tó máa lọ geerege. Ohun tó lè yọni lẹ́nu ni pé ó ń fẹ́ nǹkan bí 100GB àyè, owó dátà rẹ̀ kò sì kéré. Fídíò ní tirẹ̀ ń fa processor àti RAM, ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí. Láti 2011 ni Intel ti ń fi Quick Sync sínú processor rẹ̀, ohun náà ló ń mú kí fídíò tí fóònù tàbí kámẹ́rà ká yá láti ṣí àti láti gé. Ẹni tí owó graphics card kò tíì sí lọ́wọ́ rẹ̀ lè fi processor Core i5-12400, tó lè gbé àwòrán jáde fúnra rẹ̀, bẹ̀rẹ̀. Kó ṣọ́ra fún 12400F: lẹ́tà kan yẹn túmọ̀ sí pé ojú kọ̀ǹpútà kò ní tàn láìsí graphics card, kò sì ní Quick Sync. Bẹ́ẹ̀ náà ni processor Ryzen 5 5600, tó dára púpọ̀ fún géèmù, kò ṣeé lò láìsí káàdì.

RAM 16GB ni kó kéré jù, 8GB méjì dípò 16GB kan, nítorí méjì yára ju ẹyọ kan lọ. Fídíò 4K ń fẹ́ 32GB. Kí iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ wà lórí SSD NVMe, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ń ka 3,500MB ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Hard disk kì í sábà ju 200MB lọ, ibẹ̀ ni ká kó iṣẹ́ tó ti parí sí. Fídíò ìgbéyàwó oníbàárà kò gbọdọ̀ wà lórí dísìkì kan ṣoṣo.

Nígbà ọyẹ́, eruku á bo inú kọ̀ǹpútà. Kí àpótí rẹ̀ ní àsẹ́ níwájú tó ṣeé yọ fọ̀, kó sì ní ó kéré tán fáànù méjì.

Ìlọrin ni àwọn ará Ṣàrẹ́ lè kọ́kọ́ lọ. Èyí tí wọn kò bá rí níbẹ̀ á wà ní Computer Village, Ìkẹjà, ní àdúgbò Òtìgbà. Láti ìgbà tí ìjọba ti tú náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà 2023 ni owó ọjà tuntun ti ga gan-an, ìdí nìyí tí tòkunbọ̀ fi pọ̀. Kọ̀ǹpútà HP Z440 tòkunbọ̀ dára fún fídíò, ṣùgbọ́n power supply àti motherboard rẹ̀ kì í ṣe irú èyí tó bá ti ẹlòmíràn mu. Bí ọ̀kan bá bàjẹ́, irú tirẹ̀ gan-an lẹ ó wá. Ọ̀pọ̀ graphics card tòkunbọ̀ tó wà lọ́jà ló ti wa Ethereum, owó orí íńtánẹ́ẹ̀tì, tọ̀sán-tòru kí wíwà náà tó dópin ní oṣù kẹsàn-án 2022. Ẹ wo ìdí ìdè rẹ̀ bóyá wọ́n ti tú u rí, ẹ fi ọwọ́ yí fáànù rẹ̀ bóyá ó ń ha, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó ṣiṣẹ́ kíkankíkan fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún níṣojú yín. Bí ojú kọ̀ǹpútà bá ń ṣẹ́ tàbí tó dúdú, ẹ dá a padà. Bó bá sì dára, ẹ gba rìsíìtì tí wọ́n kọ nọ́ḿbà ẹ̀yìn káàdì náà sí kẹ́ ẹ tó sanwó.