Kí Màmá Tó Fojú Kan Adájọ́

Aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tí ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tí mò ń pè ní Màmá, ti wẹ̀, tó ti wé gèlè, tó ti jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà. Abúlé rẹ̀ kò jìnnà sí Garage Olódé, lójú ọ̀nà tó ti Ifẹ̀ lọ sí Oǹdó. Mo lọ sùn tì í mọ́jú ni, kí n lè sìn ín lọ sí kóòtù ní Ilé-Ifẹ̀. Ìwé pélébé mẹ́rin ló wà nínú àpò rẹ̀, tó fi rọ́bà dè pọ̀: ìwé tí wọ́n kọ ìwọ̀n kòkó sí fún un. Ọkùnrin kan tó ń ra kòkó ló kó ọjà rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin. Ó san díẹ̀ níbẹ̀, ó ní ìyókù ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Màmá ń retí ọjọ́ Ẹtì yẹn títí kòkó ọdún mìíràn fi yọ lórí igi.

Títí di 1986, bọ́ọ̀dù ìjọba ló ń ra kòkó. Ọdún yẹn ni wọ́n tú u ká, ó sì wá ku àgbẹ̀ àti oníṣòwò nìkan. Irú gbèsè báyìí ló ń gbé ọ̀pọ̀ ará oko dé kóòtù, gbèsè tó kéré lójú ará ìlú, ṣùgbọ́n tó jẹ́ owó oúnjẹ ọdún kan fún ẹni tí wọ́n jẹ.

"Àkànní, ṣé ìwé yìí pé?"

"Ó pé mà."

Ìgbà kẹta nìyẹn tó béèrè.

Aago méje kọjá ogún ìṣẹ́jú

Ọkọ̀ já wa sílẹ̀, a wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá kọjá Lágeéré. Àwọn ọlọ́jà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣí ìsọ̀ wọn. Mo ní ká ra ẹ̀kọ àti àkàrà, Màmá kọ̀. Ó ní òun ò mọ iye tí wọn yóò gbà lọ́hùn-ún, ebi ò sì tíì pa òun.

Aago mẹ́jọ

Èrò ti pé ṣáájú wa. Àwọn ọmọ Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ló pọ̀ jù, wọ́n wá ṣe ìwé ìbúra: ẹni tí káàdì rẹ̀ sọnù, ẹni tí orúkọ rẹ̀ yàtọ̀ nínú sátífíkéètì. Ìyàwó ilé kan gbé ọmọ pọ̀n, ó ń wá ìwé ọjọ́ orí. Kò sí ẹni tó bá ẹnikẹ́ni jà nínú gbogbo wọn. Owó ni gbogbo wọn yóò san.

Aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún

Ó kàn wá lójú fèrèsé.

"Ẹ kú àárọ̀, Ìyá. Ta lẹ fẹ́ pè lẹ́jọ́?"

Ọmọlúàbí ni akọ̀wé náà. Mo fẹ́ kí ó yé àwọn tó ń kà mí pé kò sẹ́ni tó bú wa lọ́jọ́ náà, kò sì sẹ́ni tó béèrè rìbá. Gbogbo ohun tí wọ́n gbà, rìsíìtì wà fún un. Ohun tó sì dùn mí jù nìyẹn, nítorí bó bá jẹ́ olè ni, a ó mọ ibi tí a ó gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ. Òfin ló gba owó Màmá.

Ó ka owó náà fún wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Owó fọ́ọ̀mù. Owó ìwé ìpẹ̀jọ́, tó ń ga sí i bí gbèsè tí èèyàn ń bèèrè bá ṣe pọ̀ tó. Owó ìbúra. Owó òǹtẹ̀ lórí ẹ̀rí. Owó ẹ̀dà. Owó ìrìnnà akódà tí yóò mú ìwé lọ bá olùjẹ́jọ́. Màmá ń fi ìka kà á lórí itan rẹ̀. Nígbà tó kan èyí tó kẹ́yìn, ó ní, "Èwo ni ti adájọ́ nínú ẹ̀?" Akọ̀wé dáhùn pé kò sí. Ìjọba ló ń san owó adájọ́.

Ìbéèrè yẹn kò kúrò lọ́kàn mi títí a fi délé. Nínú gbogbo owó tí wọ́n kà, kò sí ọ̀kan tó jẹ́ ti iṣẹ́ tí Màmá torí rẹ̀ wá.

Ẹ jẹ́ ká yẹ owó ẹ̀dà wò. Nínú ìwé òfin, fólíò ni wọ́n fi ń díwọ̀n rẹ̀, ìyẹn iye ọ̀rọ̀ kan pàtó lórí ìwé. Ayé ìgbà tí akọ̀wé ń fi ọwọ́ da ìwé kọ ni ìwọ̀n yẹn ti wá: ó ń ti kálàmù bọ inú tàdáwà, ọrùn ń dùn ún, ó sì tọ́ kí wọ́n sanwó làálàá rẹ̀ bí ọ̀rọ̀ bá ṣe pọ̀ tó. Lónìí, ẹ̀rọ ló ń ṣe ẹ̀dà, ní ìṣẹ́jú àáyá. Lọ́jọ́ náà, àwa fúnra wa la lọ ṣe é lọ́dọ̀ ọmọ tó ní ẹ̀rọ lẹ́yìn ọgbà, a sanwó fún un, a tún padà wá san owó ẹ̀dà fún kóòtù.

Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1973 ni náírà gba ipò pọ́n-ùn àti ṣílè ní Nàìjíríà. Láti ìgbà náà, iye tó wà níwájú orúkọ owó kóòtù ń yí padà, wọ́n ń fi kún un. Orúkọ owó náà ni kì í yí. Ẹni tó ń tún un kọ máa ń wo bí ọjà ṣe gbówó lórí, kì í béèrè bóyá iṣẹ́ tí wọ́n ń torí rẹ̀ gba owó ṣì wà láyé.

Aago mẹ́wàá ààbọ̀

Wọn kì í gba owó lọ́wọ́ lójú fèrèsé. A wá oníPOS lọ. Òun náà gba tirẹ̀.

Aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún

Níbi ìbúra, Màmá ká gèlè rẹ̀ sẹ́yìn díẹ̀, ó na ọwọ́ ọ̀tún sókè, ó búra pé òótọ́ ni òun sọ. Ó gba ìbúra náà gbọ́ ju gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ yẹn lọ, mo rí i lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tẹ òǹtẹ̀ lé ìwé kòkó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Òǹtẹ̀ kọ̀ọ̀kan, owó kọ̀ọ̀kan. Bí ọkùnrin yẹn bá ti kó gbogbo kòkó náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ni, owó òǹtẹ̀ kan là bá san.

Láti ìgbà yẹn títí di aago kan, a jókòó.

Aago kan ọ̀sán

Ọ̀dọ́mọdé lọ́yà kan jókòó tì wá lábẹ́ igi, ó ń dúró de fáìlì tirẹ̀. Òun ló là mí lójú. Mo ti rò pé kóòtù ló ń dá owó rẹ̀ sílẹ̀, tí ẹnikẹ́ni ò sì lè yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ní kí n lọ ka abala 274 nínú Ìwé Òfin Nàìjíríà ti 1999. Mo kà á lórí fóònù mi níbẹ̀. Adájọ́ Àgbà ìpínlẹ̀ ló lágbára láti ṣe ìlànà ilé ẹjọ́ gíga, ṣùgbọ́n abẹ́ òfin tí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ìpínlẹ̀ bá ṣe ni agbára náà wà. Ní ti kóòtù májísíréètì àti kóòtù ìbílẹ̀, òfin ìpínlẹ̀ ló dá wọn sílẹ̀ pátápátá. Ọ̀dọ̀ àwọn aṣòfin ní Òṣogbo ni kọ́kọ́rọ́ wà.

Mo bi í léèrè bóyá owó yìí ni kóòtù ń jẹ. Ó ní àtúnṣe tí wọ́n ṣe sí abala 121 ní 2018 ti pàṣẹ pé kí owó ilé ẹjọ́ ìpínlẹ̀ máa lọ tààrà láti inú àpò ìjọba sọ́wọ́ àwọn olórí ilé ẹjọ́. Nítorí pé ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ kò tẹ̀ lé e ni àwọn òṣìṣẹ́ kóòtù ṣe dáṣẹ́ sílẹ̀ fún oṣù méjì ní 2021. Kì í ṣe owó òǹtẹ̀ Màmá ló yẹ kó gbé kóòtù ró.

Ibòmíràn ti mú irú owó bẹ́ẹ̀ kúrò. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìjọba gbé owó lé ẹjọ́ òṣìṣẹ́ lórí ní oṣù keje 2013. Ẹlòmíràn ní láti san tó £1,200 kí wọ́n tó gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Iye ẹjọ́ já wálẹ̀ tó ìdá méjì nínú mẹ́ta. Àwọn ènìyàn wa tó ń ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú àgbàlagbà àti ìmọ́tótó ní Lọ́ńdọ̀nù mọ̀ ọ́n. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ UNISON gbé ìjọba lọ sílé ẹjọ́, nígbà tó sì di ọjọ́ 26 oṣù keje 2017, ilé ẹjọ́ tó ga jù níbẹ̀ fagi lé owó náà, ìjọba sì dá èyí tí wọ́n ti gbà padà. Ní California ní Amẹ́ríkà, àwọn aṣòfin fúnra wọn ló ṣe é: òfin AB 1869 ti 2020 pa oríṣi owó 23 rẹ́ tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ àwọn tó ní ẹjọ́ ọ̀daràn, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù keje 2021. Kóòtù wọn kò tìtorí ẹ̀ wó.

Àwọn kan yóò ní bí owó bá kúrò, oníjàngbọ̀n á kún kóòtù. Ọ̀rọ̀ gidi ni, mi ò fojú kéré rẹ̀. Ṣùgbọ́n adájọ́ ti ní agbára láti bu owó lé ẹni tó bá pe ẹjọ́ asán, lẹ́yìn tó bá ti gbọ́ ọ tán. Ìyẹn ṣe déédéé ju kí a bu owó lé gbogbo ènìyàn kí a tó gbọ́ ohunkóhun.

Aago méjì kọjá ogún ìṣẹ́jú

Ó ku owó ìrìnnà akódà. Màmá tú etí ìró rẹ̀. Owó tó kù níbẹ̀ kò tó, bí a bá sì fi tèmi kún un, a ò ní rí owó ọkọ̀ padà.

Láti ayé kóòtù ìbílẹ̀ ìgbà ìjọba amúnisìn ni akódà ti ń jíṣẹ́ kóòtù láàrin wa. Láyé ìgbà náà, owó kóòtù àti owó ìtanràn wà lára ohun tó ń wọlé sí àpò ìjọba ìbílẹ̀. Akódà á fi ẹsẹ̀ rìn, tàbí kí ó gun kẹ̀kẹ́, láti ìlú dé oko. Wọ́n sì ń ṣírò owó rẹ̀ lórí bí ọ̀nà bá ṣe jìn tó. Nítorí náà, ẹni tó jìnnà jù sí kóòtù ló ń sanwó jù, ẹni yẹn náà sì ni owó ọwọ́ rẹ̀ kéré jù. Lónìí, ọkùnrin tó jẹ Màmá ní gbèsè ní fóònù méjì. Ó ń gba ìpè gbogbo ènìyàn àfi ti Màmá.

Aago mẹ́ta

Lọ́yà náà ní àyè wà fún aláìní nínú ìlànà ilé ẹjọ́ gíga, pé wọ́n lè gbà á láyè láti pẹjọ́ láìsan kọ́bọ̀. Mo béèrè bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Yóò kọ́kọ́ kọ ìwé ẹ̀bẹ̀, yóò ṣe ìwé ìbúra pé òun kò ní, lẹ́yìn náà ni yóò dúró de ìpinnu. Màmá ní òun ò lè búra pé òun jẹ́ aláìní. Òun ní oko kòkó.

Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́

A jáde. Ìwé ìpẹ̀jọ́ ti wà nílẹ̀, wọ́n ti búra sí i, wọ́n ti tẹ òǹtẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí yóò gbé e lọ. Màmá wé e sínú ọ̀rá pẹ̀lú rìsíìtì rẹ̀ gbogbo.

Aṣòfin 26 ló wà ní Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, Ifẹ̀ sì ní ọmọ láàrin wọn. Ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Mi ò ní kí ẹ sọ kóòtù di ọ̀fẹ́. Ẹ gbé àbádòfin kan kalẹ̀, ẹ ka owó kóòtù lọ́kọ̀ọ̀kan sínú ìjókòó, kí ẹ sì bi akọ̀wé kóòtù léèrè iṣẹ́ wo ni wọ́n ń torí rẹ̀ gbà á lónìí. Èyí tí kò bá ní iṣẹ́ mọ́, fólíò, òǹtẹ̀ orí ẹ̀rí, owó ìrìnnà lórí gbèsè kékeré, ẹ wọ́gi lé e. Bí gómìnà kò bá fọwọ́ sí i láàrin 30 ọjọ́, aṣòfin 18 nínú yín tó láti sọ ọ́ di òfin. Kí ẹ sì pe ìjókòó ìgbọ́rọ̀ ará ìlú lórí rẹ̀. Màmá ti ní òun yóò wá, bí ẹ bá ṣe é ní Ilé-Ifẹ̀.