Kantíkantí Olójú Tóóró

Ẹni tó bá ti fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ pípọ́n sílẹ̀ di ọjọ́ kẹta mọ kantíkantí. Bí ẹ ṣe ń lé e ni yóò máa padà wá. Èmi náà ti lu àìmọye wọn pa lẹ́nu agbè ẹmu, n kò mọ̀ pé irú kòkòrò bíńtín yìí ló sọ àwọn kan di olókìkí ní New York.

Lọ́dún 1910, Thomas Hunt Morgan ń sin kantíkantí nínú ìgò mílíìkì ní Yunifásítì Columbia, ó ń fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ bọ́ wọn. Ojú wọn a máa pupa, àfi bí akọ kan ṣe yọ tí ojú tirẹ̀ funfun báláú. Ìran akọ yìí ni Morgan fi mọ̀ pé orí àwọn okùn tín-ín-rín inú ara, tí wọ́n ń pè ní kúrómósóómù, ni àbùdá tí ọmọ ń jogún wà.

Akẹ́kọ̀ọ́ kan wà lọ́dọ̀ rẹ̀, Alfred Sturtevant. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni nígbà tó pa iṣẹ́ iléèwé tì lóru ọjọ́ kan, tó ya àwòrán ibi tí àbùdá kọ̀ọ̀kan jókòó sí lórí okùn náà. Ọ̀rọ̀ ìjókòó yìí ló wá di wàhálà lẹ́yìn náà.

Ṣé ẹ rí i, ojú kantíkantí kì í ṣe ẹyọ kan bíi tiwa. Ojú wẹ́wẹ́ bíi 779 ló para pọ̀ di ojú kan lára abo tí kò lábùkù. Àwọn kan wà tí ojú wọn tóóró bí ọ̀pá, Bar ni wọ́n ń pe àbùdá tó fà á. Abo tó bá jogún Bar lọ́dọ̀ òbí kan á ní bíi 358. Èyí tó bá jogún rẹ̀ lọ́dọ̀ baba àti ìyá á ní 68 péré. Kò ṣòroó yé: bí oògùn bá ṣe pọ̀ tó ni yóò ṣe mú èèyàn tó.

Lọ́dún 1925 ni Sturtevant sọ ohun tó rí. Kantíkantí mìíràn ní Bar méjì, ṣùgbọ́n orí okùn kan ṣoṣo ni méjèèjì wà, okùn kejì kò ní rárá. Méjì níbí, méjì lọ́hùn-ún. Ojú wẹ́wẹ́ mélòó ni? 45! Bí mo bá kó náírà méjì sápò kan, tàbí mo pín in sápò méjì, ṣebí náírà méjì náà ni? Ti àbùdá kò rí bẹ́ẹ̀ o. Ẹni tó bá a jókòó wà nínú ìṣirò náà.

Calvin Bridges, tó jẹ́ pé ìgò ló kọ́kọ́ ń fọ̀ lọ́dọ̀ Morgan (mo fẹ́ràn tiẹ̀ jù), fi awò wo okùn náà, ó sì fi hàn lọ́dún 1936 pé ègé okùn kan tó di ìlọ́po méjì ni Bar.

Ṣáájú ìyẹn, lọ́dún 1930, Hermann Muller ti fi iná X-ray, irú èyí tí wọ́n fi ń ya fọ́tò egungun, gé okùn kantíkantí ní Texas. Ojú àwọn kan di adíkálà, ibì kan pupa, ibì kan funfun. Àbùdá tó ń mú ojú pupa kò bàjẹ́. Ó kàn ṣí lọ sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí okùn náà ti ká jọ gbáko, bí aṣọ tó wà nísàlẹ̀ àpótí, tọ́wọ́ kò tó mọ́. Bí irú àbùdá bẹ́ẹ̀ bá padà sáyè rẹ̀, á tún máa ṣiṣẹ́.

Ẹ má sọ pé ọ̀rọ̀ kòkòrò ni. Lọ́dún 1958, Denis Burkitt, dókítà oníṣẹ́ abẹ ní Uganda, kọ̀wé nípa kókó tó ń wú lágbọ̀n àwọn ọmọdé. Àwọn dókítà Ìbàdàn náà rí i lọ́pọ̀lọpọ̀. Lọ́dún 1982 ni wọ́n rídìí ẹ̀: àbùdá kan tó ń jẹ́ MYC ti kúrò lórí kúrómósóómù kẹjọ, lọ́pọ̀ ìgbà ó di orí ìkẹrìnlá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn àbùdá tí kì í sinmi nínú ẹ̀jẹ̀. Kò pọ̀ sí i, ilé ló kó. Làwọn náà bá ń mú un ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru, ni kókó bá ń wú. Oògùn sì ń wo ọ̀pọ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sàn, bí wọ́n bá tètè gbé wọn dé ilé ìwòsàn.