Orúkọ Àrùn, Ìdí Àrùn

Iṣẹ́ ọ̀rọ̀ ni mo kọ́, n kì í ṣe dókítà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àti eegun pàdé nínú ìtàn rickets, àrùn tó ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ ọmọdé wọ́.

Ní 1650, Francis Glisson kọ ìwé lé e lórí ní London. Ó wá ọ̀rọ̀ Gíríìkì tó jọ orúkọ tí àwọn ará ilé ti ń pè é: rachitis, láti ara ọ̀rọ̀ tó túmọ̀ sí ọ̀pá ẹ̀yìn. Orúkọ dé, ìwòsàn ò tíì dé.

Nígbà tó yá, wọ́n rí i pé òróró ẹ̀dọ̀ ẹja ń wò ó sàn. Kí ló wà nínú òróró yìí? Ní nǹkan bí 1919, Edward Mellanby há àwọn ọmọ ajá mọ́ inú ilé, ó fún wọn ní oúnjẹ tí ọ̀rá rere kò sí nínú rẹ̀, eegun wọn sì bà jẹ́. Òróró ẹja ló yọ wọ́n. Ó rò pé fítámì A ni. Ní Amẹ́ríkà, McCollum fi ooru àti afẹ́fẹ́ pa fítámì A inú òróró náà, síbẹ̀ ó ṣì ń wo eegun. Ohun mìíràn ni, ó sì pè é ní fítámì D ní 1922.

Ẹ gbọ́ ná: ní 1919 yẹn kan náà, Huldschinsky ti fi iná àtùpà àrà ọ̀tọ̀ wo irú ọmọ bẹ́ẹ̀ sàn ní Berlin. Awọ ara wa fúnra rẹ̀ ló ń ṣe fítámì D bí oòrùn bá kàn án. Àwọn ajá Mellanby kò rí oòrùn!

Láti ìgbà náà, bí a bá ti ní rickets, “oòrùn ò tó” ni ìdáhùn. Àbí oòrùn wọ́n ní Jos? Ní 1999, Thacher àti ẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí jáde lórí ọmọ Nàìjíríà 123. Àwọn tó gba kálísíọ̀mù, yálà òun nìkan tàbí pẹ̀lú fítámì D, sàn ju àwọn tó gba fítámì D nìkan lọ. Kálísíọ̀mù ni oúnjẹ wọn kò ní tó.

Orúkọ ń ro ni, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá yá orúkọ àrùn lọ́wọ́ àlejò, ẹ jẹ́ ká wádìí ìdí rẹ̀ nílé ara wa.